Sẹ̀gi àti Jaguar: Ara Obìnrin àti Ọjà nínú Ìtàn Àròsọ Ìlú Èkó

Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná, ni àwọn Yorùbá ti ń fi ohun ọ̀ṣọ́ sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá gbọ́ Iyùnadé tàbí Sẹ̀gilọlá, kò sí ẹni tí í bèèrè ohun tí ó mú kí òbí fi orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ kún orúkọ ọmọ, nítorí tọmọdé tàgbà ni ó mọ̀ pé iyùn àti sẹ̀gi kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Sẹ̀gi ni ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró tí àwọn ọba àti àwọn ọlọ́lá ti ń lò láti ayébáyé. Iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi hàn pé àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n ń yọ́ gíláàsì tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí etíkun ilẹ̀ Yorùbá. Irú ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa ti ọwọ́ ìyá-ńlá dé ọwọ́ ìyá, a sì ti ọwọ́ ìyá dé ọwọ́ ọmọ. Kì í dín ní iye. Bí ó ti ń gbó ni ó ń níyì.

Ní ọdún 1929, obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn kan ní Èkó. Ní ọdún 1961, obìnrin mìíràn jáde nínú ìwé kan tí a tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Èkó kan náà ni òun pẹ̀lú ń gbé, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn ará ìgboro sọ ọ́ kì í ṣe ti ìlẹ̀kẹ̀ mọ́. Jagua ni wọ́n ń pè é. Orúkọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ olówó ńlá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ ọ́. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ẹlẹ́ran ara nínú àwọn méjèèjì. Àwọn ọkùnrin òǹkọ̀wé ni ó dá wọn. Ọdún 32 péré ni ó wà láàárín wọn. Bí òṣùwọ̀n ẹwà obìnrin ṣe ti inú àpótí ìyá bọ́ sí inú ilé ìtajà òyìnbó, àti ohun tí àwọn òǹkọ̀wé ṣe sí ara obìnrin nítorí rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn díẹ̀. Nínú oríkì àti ẹkún ìyàwó, a kì í dárúkọ ara obìnrin lásán láìdárúkọ ohun tí a fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Wọn a yin eyín tí ó ní èjì, wọn a yin ọrùn tí ó kún, wọn a yin àwọ̀ tí ó ń dán bí ẹni pé epo ni a fi pa á. Kò sì ní pẹ́ tí wọn yóò fi kan bèbè tí ó wà ní ìdí, osùn tí ó wà ní ẹsẹ̀, tìróò tí ó wà ní ojú, àti làálì tí ó wà ní ọwọ́. Àwọn ohun wọ̀nyí ní orírun. Ìyá ni ó fún ọmọ rẹ̀, tàbí ìdílé ọkọ ní ọjọ́ ìdána, tàbí kí obìnrin náà ti fi èrè òwò ara rẹ̀ rà wọ́n. Nítorí náà, ẹni tí ó bá yin ìlẹ̀kẹ̀ ìdí obìnrin ti yin ilé tí obìnrin náà ti wá. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi lè sọ pé ohun tí ó bá yẹ ni ni ó yẹ ni, okùn ọrùn kò yẹ adìyẹ, kí wọ́n sì tún sọ pé ìwà ni ẹwà, kí ọ̀rọ̀ méjèèjì má sì takora.

Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a fi oyin ra ìtàn lára. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun gba ilẹ̀ Yorùbá kan, obìnrin tí a kó lẹ́rú ni a ń tà ní ọjà gbangba, a sì ń yẹ ara rẹ̀ wò kí a tó san owó. Èkó fúnra rẹ̀ ti fi òwò ẹrú là kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó yìnbọn lù ú ní 1851, tí wọ́n sì gbà á pátápátá ní 1861. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ọjà kò mọ ara obìnrin rí kí mọ́tò tó dé, ẹrú ni olúwarẹ̀ gbàgbé. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ní ọ̀rúndún ogún ni pé a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ obìnrin òmìnira láti máa fi ojú tí ọlọ́jà fi ń wo ọjà wo ara rẹ̀.

Èkó ọdún 1929 ti di ìlú ìtajà. Ọkọ̀ ojú irin tí a bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rẹ̀ ní 1896 ti gba Ìbàdàn kọjá dé Kánò. Ó ń kó kòkó àti ẹ̀pà wá sí èbúté, ó sì ń kó aṣọ, bàtà, ọṣẹ àti lọ́fínńdà padà sí òkè. Ní ọdún náà gan-an ni àwọn ilé òwò ńlá òyìnbó parapọ̀ di United Africa Company. Àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá pẹ̀lú ti ń jáde. Èkó Àkéte bẹ̀rẹ̀ ní 1922, Elétí Ọfẹ tẹ̀ lé e ní 1923, Akéde Èkó tí Isaac Babalọlá Thomas jẹ́ olóòtú rẹ̀ sì ti wà lórí àtẹ kí ọdún 1929 tó dé ìdajì. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í fi owó òǹkàwé nìkan jẹun. Ìpolówó ọjà ni ó ń tì í lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ṣí i yóò bá ìwàásù, ọ̀rọ̀ òṣèlú, ìròyìn òkú àti ìpolówó oògùn òyìnbó pọ̀ nínú ìwé kan náà.

Inú irú ìwé yìí ni Sẹ̀gilọlá ti jáde, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, láti 1929 wọ 1930, kí Thomas tó kó wọn jọ di ìwé ní 1930. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó gbà pé òun ni ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, ó sì fi ọdún mẹ́jọ ṣíwájú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà. Thomas kò jẹ́ kí ó hàn nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ pé òun ni ó ń dá ìtàn náà. Ó ṣe é bí ẹni pé obìnrin kan tí ayé rẹ̀ ti rọ̀, tí àìsàn àti òṣì ti dá dùbúlẹ̀, ni ó ń kọ̀wé sí olóòtú láti jẹ́wọ́ bí òun ṣe lo ìgbà èwe òun, kí àwọn ọmọbìnrin Èkó lè fi í kọ́gbọ́n. Oríkì tí ó sì fún ara rẹ̀, tí ó wà ní àkọlé ìwé náà, ni Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí oríkì yìí. Apá kìíní rẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́: ẹyinjú ni a yìn, bí apohùn-un ìṣáájú ì bá ti yìn ín, láìsí owó nínú rẹ̀. Apá kejì jẹ́ ti oníṣirò. Ẹgbẹ̀rún ni a kà. Ẹ̀yà ara kan, iye kan: irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí èyí tí ọlọ́jà ń kọ sí iwájú ilé ìtajà rẹ̀, kí ẹni tí ń kọjá lè mọ ohun tí ó wà nínú ilé àti bí ó ti pọ̀ tó. Orúkọ àbísọ obìnrin náà sì ni sẹ̀gi, ohun tí kì í ṣá, tí a kì í tà bí kò ṣe pé ojú pọ́n ni. Thomas, tí ó gbọ́ Yorùbá dé inú eegun, kò lè ṣàì mọ ohun tí ó ń ṣe nígbà tí ó mú orúkọ yìí fún ẹni tí yóò ná ẹwà rẹ̀ tán bí ẹní ná owó.

Àwọn òǹkàwé gba lẹ́tà náà gbọ́. Wọ́n kọ̀wé sí olóòtú nípa Sẹ̀gilọlá. Àwọn kan ń bá a kẹ́dùn, àwọn kan ń bá a wí, a sì rí nínú wọn tí ó fi owó ránṣẹ́ kí a bá wọn fi fún abirùn náà. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ro èyí yóò rí i pé owó gidi ni a san nítorí ara tí kò sí. Kò sì tán síbẹ̀. Ìjẹ́wọ́ náà pín sí ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀; ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ bí obìnrin náà ṣe ronú pìwà dà ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ó ṣe, ẹni tí ó bá sì fẹ́ gbọ́ ohun tí ó ṣe ní láti ra ìwé ìròyìn ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ara tí ó ti tà ní ìgbà èwe tún ń tà ní ìgbà ogbó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí ó ni ín ni ó ń gba owó rẹ̀ mọ́.

Kò yẹ kí a torí èyí fojú tín-ín-rín Thomas. Yorùbá inú ìwé náà dùn, ó kún fún òwe, orin àti ọ̀rọ̀ inú Bíbélì gẹ́gẹ́ bí ẹnu ará Èkó ìgbà náà ti kún fún wọn, àánú tí ó ní fún obìnrin tí ó dá kì í sì í ṣe àánú ẹnu lásán. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí ẹni mìíràn tí ó jìyà. Ẹgbẹ̀rún ọkọ ni a kà, ara kan ṣoṣo ni àrùn kọlù. Àwọn tí ó rà kò ní ara nínú ìtàn náà. Aṣọ, orúkọ àti owó ni wọ́n ní.

Irú òwò yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Àádọ́ta ọdún gééré ṣáájú Sẹ̀gilọlá, ní oṣù kẹwàá ọdún 1879, ni Émile Zola bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn Nana jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Le Voltaire ní Paris, pẹ̀lú ìpolówó tí ó gba ìgboro kan. Nana ń fi ara rẹ̀ hàn lórí ìtàgé, àwọn ọlọ́rọ̀ sì ń fi ogún baba wọn ṣòfò lé e lórí, títí ìgbóná fi pa á ní 1870 nínú ìtàn náà. Zola sì lo ìparí ìwé rẹ̀ láti ya àwòrán ojú tí ó ń jẹrà. Ní 1883 ó tún kọ Au Bonheur des Dames, ìtàn ilé ìtajà ńlá kan tí ó dà bí Le Bon Marché, èyí tí Aristide Boucicaut bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ga ní 1852. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, ọmọbìnrin ará oko kan dúró níwájú fèrèsé ilé ìtajà náà, ó ń wo àwọn ère tí a fi aṣọ olówó wọ̀. Àwọn ère náà kò ní orí. Ibi tí orí ì bá wà, káàdì tí a kọ iye owó sí ni a fi há a. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí orí jẹ́ fún Yorùbá yóò mọ bí àwòrán yìí ti le tó: ibi tí a ń kúnlẹ̀ bọ, tí àyànmọ́ ẹni wà, ni a lẹ iye owó mọ́.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ ti wà ní Èkó. Kingsway, ilé ìtajà ńlá ti United Africa Company, wà ní ojú Marina. Sinimá wà, ilé ijó tí wọ́n ti ń fọn fèrè highlife wà, ìwé ìròyìn alákọsílẹ̀ àti alàwòrán sì ń gbé ojú àwọn ọmọge sí iwájú ẹ̀yìn-ìwé. Drum, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní 1951, ní ẹ̀dà tirẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kó tó pẹ́. Ìpara, àtíkè, ọṣẹ olóòórùn dídùn àti bàtà gogoro kì í ṣe ti ìyàwó lọ́yà nìkan mọ́. Akọ̀wé pẹ̀lú lè rà wọ́n fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ bí oṣù bá parí. Ìgbà laṣọ, ìgbà lẹ̀wù, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n ń sọ kì í yí padà ní oṣooṣù.

Ní àkókò yìí, ìtàn kan jáde tí ó yẹ kí a mẹ́nu kàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ọkùnrin ni ó dá lé. Ní 1952 ni Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó mú àlọ́ àtijọ́ kan wọ inú rẹ̀, èyí tí ìyá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi ń kìlọ̀ fún ọmọbìnrin tí ó kọ gbogbo ọkọ: ọkùnrin arẹwà kan wá sí ọjà, ọmọbìnrin tẹ̀ lé e lọ, bí wọ́n sì ti ń lọ ni ọkùnrin náà ń dá ẹ̀yà ara tí ó yá padà fún àwọn olówó wọn, tí ó ń san owó yíyá, títí ó fi ku agbárí lásán. Tutùọlá fi ohun kan kún un tí kì í sí nínú àlọ́ àwọn ìyá. Ó díye lé arẹwà náà: bí ó bá jẹ́ ohun tí a lè tà, kò ní dín ní £2,000. Ẹ̀rín ni èyí ń pa òǹkàwé. Ṣùgbọ́n kò sí ìtàn àròsọ Èkó mìíràn ní ìgbà náà tí ó fi yé ni tó bẹ́ẹ̀ pé ẹwà ojú ọjà lè jẹ́ gbèsè, àti pé ọkùnrin pẹ̀lú lè jẹ ẹ́.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, Cyprian Ekwensi gbé Jagua Nana jáde. Ọmọ Ìgbò tí a bí ní Minna ní 1921 ni Ekwensi, ó kọ́ iṣẹ́ apoògùn, ó sì mọ ìgboro Èkó bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì adàmọ̀dì ni ó kún ẹnu àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Jagua jẹ́ ẹni ọdún 45, ó ti fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìhà ìlà oòrùn wá sí Èkó, ó sì fẹ́ olùkọ́ kan, Freddie, tí ó jẹ́ ẹni ọdún 25. Tropicana ni orúkọ ilé ijó tí ó ń lọ ní alẹ́. Ó ń fi owó tì Freddie lẹ́yìn kí ó lè lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì padà wá fẹ́ òun kí ogbó tó dé. Orúkọ kejì rẹ̀, Nana, mú kí àwọn alárìíwísí máa fi í wé Nana ti Zola láti ìgbà náà.

Ìwé náà kò bẹ̀rẹ̀ ní ilé ijó. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Jagua ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán, tí ó jókòó lórí àpótí kúkúrú bí àwọn obìnrin ilẹ̀ yìí ti ń jókòó, tí ó fi dígí sí àárín eékún, tí aṣọ kan ṣoṣo sì bò ó. Ó ń wo ara rẹ̀. Kò sí ọkùnrin kankan lọ́dọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ ojú tí ó fi ń wo ara rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ojú ìgboro ni, ó ń yẹ ọjà wò kí ó tó gbé e jáde. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé iyàrá ìyàwó àtijọ́. Níbẹ̀, ìyá, ẹ̀gbọ́n àti àwọn ìyàwó ilé ni ó ń fi osùn pa ìyàwó lára. Ọwọ́ wọn ni dígí. Jagua dá wà. Ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ ni gíláàsì, ọ̀dà ètè, àti ìṣirò ọdún.

Ìṣirò ọdún yìí ni ó ya Jagua sọ́tọ̀ kúrò lára Sẹ̀gilọlá, orúkọ ọkọ̀ náà ni ó sì fà á. Láti 1935 ni ilé iṣẹ́ William Lyons ní Coventry ti ń lo orúkọ Jaguar. Ní oṣù kẹta ọdún 1961, ọdún tí ìwé Ekwensi jáde, wọ́n fi irú tuntun kan, E-Type, han gbogbo ayé ní Geneva, ariwo rẹ̀ sì gba ilẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó jáde, gbogbo èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ di ògbólógbòó. Báyìí ni òwò mọ́tò ti rí: bí a kò bá sọ ti èṣí di ẹ̀gbin, a kò ní rí ti ọdún yìí tà. Bí sẹ̀gi ti ń gbó ni ó ń níyì. Bí mọ́tò ti ń gbó ni iye rẹ̀ ń já. Ẹni tí a bá sọ ní Jagua, a ti bá a dá ọjọ́ tí yóò gbó. Ìdí nìyí tí ìbẹ̀rù ọmọdébìnrin kan, Nancy, tí ẹwà rẹ̀ kò ì tí ì ná an ní nǹkan kan, fi gba ọkàn Jagua nínú ìwé náà ju ìbẹ̀rù òṣì lọ. Kò jọ pé Ekwensi fẹ́ fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó fún un ní ẹnu, ó fún un ní ẹ̀rín, kò sì pa á bí Zola ti pa Nana. Síbẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí Jagua bá wọ inú yàrá, aṣọ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà ọmú rẹ̀, lẹ́yìn náà ìdí rẹ̀. Èrò rẹ̀ ni ó ń dé gbẹ̀yìn.

Ilé iṣẹ́ sinimá kan láti ilẹ̀ Ítálì fẹ́ fi ìwé náà ṣe fíìmù. Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Aṣòfin ní Èkó, àwọn aṣòfin bínú pé yóò ba orúkọ Nàìjíríà jẹ́ lójú ayé, ìjọba kò sì gbà. Ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí ni pé ìwé náà ní olóṣèlú kan nínú, Uncle Taiwo, tí ń fi owó ẹgbẹ́ ra ìbò tí ó sì ń fi ra obìnrin. Òǹkàwé wo ni ó ṣe é gbà gbọ́ pé ara Jagua nìkan ni ó ń ti àwọn aṣòfin lójú?

Bí a bá pa ìwé méjèèjì dé, tí a sì jáde sí ìgboro Èkó àwọn ọdún wọ̀nyí, a óò rí obìnrin tí kò sí nínú èyíkéyìí nínú wọn. Àlímọ̀tù Pẹ̀lẹ́wùrà, ẹlẹ́ja, tí kò mọ̀wé, ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó títí ó fi kú ní 1951. Ní oṣù kejìlá ọdún 1940 ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ́ lọ bá ìjọba nítorí owó orí tí a fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ obìnrin. Ní ìgbà ogun, wọ́n tún bá Captain Pullen jà nítorí iye owó tí ó fi lélẹ̀ pé kí wọ́n máa ta oúnjẹ. Àwọn wọ̀nyí mọ iye ohun gbogbo, ṣùgbọ́n ẹja, gàrí àti aṣọ ni wọ́n ń díye lé. Ní Abẹ́òkúta, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí ó kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pa kaba òyìnbó tì, ó sì ń ró ìró bí àwọn obìnrin ọjà tí ó kó jọ láti bá Aláké jà láàárín 1947 àti 1949. Aṣọ níhìn-ín kì í ṣe fún ojú ọkùnrin. Ó jẹ́ àmì ẹgbẹ́ tí obìnrin wà. Irú ara bẹ́ẹ̀, tí ó sanra, tí ó ti bímọ, tí ó jókòó síwájú àtẹ rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, kò wọ inú ìtàn àròsọ àwọn ọkùnrin bí kò ṣe gẹ́gẹ́ bí ìyá ẹni tàbí alájàpá tí ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ohun tí ìwé ìròyìn lè fi í polówó.

Èyí ni ó mú kí òpin ìwé Jagua Nana yani lẹ́nu. Wọ́n pa Uncle Taiwo, àpò tí ó fi sí ọwọ́ Jagua sì ní £50,000 owó ẹgbẹ́ òṣèlú nínú. Jagua ti padà sí ìlú rẹ̀, ó ti bí ọmọ kan tí kò pẹ́ láyé, ó sì pinnu láti lọ sí Oníṣà láti di ọlọ́jà ńlá. Láti ọjọ́ tí ó ti dé Èkó ni àwọn ènìyàn ti ń rà á. Ọjọ́ yìí ni ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Ibẹ̀ gan-an ni Ekwensi ti pa ìwé dé. Nígbà tí ó tún mú ọ̀rọ̀ náà sọ ní 1986, ọmọbìnrin Jagua ni ó fi ṣe orí ìwé, kì í ṣe àtẹ Jagua.

Obìnrin ni ó mú un láti ibi tí Ekwensi já a sí. Nínú One Is Enough, tí Flora Nwapa kọ ní 1981, ọ̀nà náà yí padà: Jagua kúrò ní Èkó lọ sí Oníṣà, Amaka kúrò ní Oníṣà wá sí Èkó. Kò rí ọmọ bí ní ilé ọkọ, wọ́n fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀, ó sì jáde. Ní Èkó ó di agbaṣẹ́ṣe, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin olówó, ó ra ilẹ̀, ó bí ìbejì fún ẹni tí kò fẹ́ fẹ́. Nwapa kò fi pa mọ́ pé Amaka lo ara rẹ̀ láti rí iṣẹ́ gbà; kò sì fi àrùn pa á fún un. Àwọn kan bá Nwapa wí nítorí èyí, ó sì ṣeé ṣe kí ìbáwí wọn ní ìdí, nítorí owó epo rọ̀bì tí ń ṣàn ní Èkó ìgbà náà kò mọ́ ju owó àwọn ẹlẹ́gbẹ̀rún lọ. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Nínú ìwé náà, a kì í dúró wo Amaka bí ẹni wo ère fèrèsé. Nígbà tí ó bá ra aṣọ, a mọ iye tí ó rà á, ibi tí owó ti wá, àti ohun tí ó fẹ́ fi èyí tí ó kù ṣe.

Ìwé náà kò ti Lọ́ńdọ̀nù jáde, kò sì gba ọ̀wọ́ olóòtú ìwé ìròyìn kankan kọjá. Tana Press ni ó tẹ̀ ẹ́, ilé ìtẹ̀wé tí Flora Nwapa dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní Enugu. Òun ni ó kọ ọ́, òun ni ó tẹ̀ ẹ́, òun ni ó sì díye lé e.